Aṣọ́bodè Ilé Ọlọ́run ní Ìfọ̀nyìn

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìfọ̀nyìn, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà máa mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ọmọ ìjọ Àgùdà ìlú náà ṣe ń ṣe sí èdè Látìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí wa lórí, kò sì sí ẹni tó kú nínú wa.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Révolution ti dé. Wọ́n ti yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà, wọ́n ti yí àsíá padà, ẹni tí à ń pè ní ọ̀gá tẹ́lẹ̀ ti di camarade, ẹlẹgbẹ́ wa. Níbi ìpàdé gbogbo, ẹnìkan á kígbe pé "Ehuzu!", ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, àwa yòókù á dáhùn pé "Dandan!" Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà ní Ìfọ̀nyìn, òun náà ni Président Séraphin Ifátóyè.

Ẹ má pè é ní Ifátóyè létí rẹ̀ o. S. I. Toyé ni ó ń kọ, kí Ifá tí bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ lè sá pamọ́ sẹ́yìn àmì kékeré yẹn. Òun ni président ìgbìmọ̀ ìjọ. Òun ni président Ẹgbẹ́ Ikú Rere. Nígbà tí Révolution sì ń wá ẹni tí yóò ṣe délégué, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, ó ti na ọwọ́ kí wọ́n tó béèrè. Kóòtù dúdú nípọn-nípọn kan wà tó rà ní Porto-Novo, kóòtù tí wọ́n rán fún òtútù ilẹ̀ Faransé. Kì í bọ́ ọ nínú oòrùn, kì í bọ́ ọ nínú òjò. Bí òógùn bá ń ṣàn lójú rẹ̀ bí omi ìṣẹ̀lẹ̀rú, Èṣùbíyìí á nu ún fún un, á ní òróró ìyàsímímọ́ ni.

Èṣùbíyìí ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àgbà, òun ló ń lu agogo. Àlùfáà ti sọ ọ́ ní Ange lọ́jọ́ tó ṣèrìbọmi, ìyẹn áńgẹ́lì. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un àti orúkọ tí àlùfáà fún un kò lè sùn nínú yàrá kan náà láìjà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ohun tí Président bá sọ, òtítọ́ ni lójú rẹ̀. Bí Président bá tún sọ òdìkejì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn náà á di òtítọ́.

Kí ẹ má baà rò pé òmùgọ̀ ni wá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó mú kí á máa bẹ̀rù Président. Ẹgbẹ́ Ikú Rere ló ń sin òkú àwa Àgùdà. Bí ẹnìkan bá kú, wọ́n á gbé aṣọ dúdú kọ́ èjìká, wọ́n á lu agogo, wọ́n á gbé pósí náà gba àárín ọjà kọjá pẹ̀lú orin Látìn tó lè pa ẹkún mọ́ ajá lẹ́nu. Àwọn ará Tchaada àti Ko-Koumolou á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á máa wò wá. Ikú kò bà wá lẹ́rù tó pé kí á kú kí ẹgbẹ́ yìí má sin wá. Òmùgọ̀ kọ́ nìyẹn, àbí òmùgọ̀ ni? Ẹ máa bá mi kà á lọ.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ṣèpàdé ní Róòmù tipẹ́tipẹ́, wọ́n ní kí oníkálukú máa fi èdè rẹ̀ ṣe Mísà. Ìròyìn náà dé Porto-Novo, ó dé Sakété, ó dé Pobè. Nígbà tó kan Ìfọ̀nyìn, àlùfáà òyìnbó tó ti gbó sí àárín wa ní etí ń dun òun. Ó ṣe Mísà rẹ̀ ní Látìn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, àwa náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, inú gbogbo wa dùn. Ìgbà tó lọ sinmi nílé tí kò padà mọ́ ni bíṣọ́ọ̀bù rán àlùfáà tuntun sí wa, Mon Père Dieudonné, ọmọ Kétu, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gun alùpùpù mobylette dé pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀.

Ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó dúró níwájú wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

A wo ara wa lójú. Ṣé wọ́n máa ń kí ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni? A fi ojú wá Président. Président di ojú, àwa náà di ojú.

Lẹ́yìn èyí ni Mon Père pe Ràmọ́nù gbẹ́nàgbẹ́nà pé kó bá òun gbé pẹpẹ kúrò lára ògiri, kí òun lè máa kọjú sí ìjọ. Mùsùlùmí ni Ràmọ́nù, ó ń gbé pẹpẹ náà, ó ń kùn pé, "Tiwa, ìlà-oòrùn la kọjú sí, ó ti parí. Èmi ò mọ ibi tí tiyín kọjú sí." A bú u pé kò gbọ́n. Nígbà tí a délé, a béèrè lọ́wọ́ ara wa pé ibo gan-an ni tiwa kọjú sí ná, kò sí ẹni tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò rò. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àga Président ti wà lórí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, níbi tí òpó kan ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti gbé pẹpẹ síwájú báyìí, wọ́n gbé àga náà tẹ̀lé e, ó sì kọjú sí gbogbo ìjọ. Ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí ojú wa kò rí rí. Bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, Président á gbé orí lé àyà, ẹnu á là, ìhanrun á bẹ̀rẹ̀. Ó yé wa nígbà náà ìdí tí agogo Èṣùbíyìí fi máa ń dún kíkankíkan tó bẹ́ẹ̀ nígbà ìyàsímímọ́.

"Président kì í sùn," ni Èṣùbíyìí sọ fún wa lẹ́yìn Mísà. "Ó ń ṣe àṣàrò. Ní Látìn."

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni gbogbo wa wí. Ẹnìkan tilẹ̀ ní orin wà nínú ìhanrun náà.

Président kò dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ pẹpẹ àti ọ̀rọ̀ èdè. Ó pè wá jọ sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun orí àga, ó bọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé ìwé Mísà ńlá tó ní etí wúrà dání. Ó wúkọ́, a kan sáárá sí ikọ́ náà.

"Fidèles!" ni ó ké. "Ẹ̀yin olóòótọ́, ẹ̀yin ìyókù àwọn olóòótọ́, ẹ̀yin ìyókù ìyókù! Ọlọ́run tó ti ń gbọ́ Látìn láti ọjọ́ tó ti dá Ádámù, ṣé ọjọ́ ogbó rẹ̀ lẹ wá fẹ́ kó máa kọ́ Nàgó? Èdè tí ẹ fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, ṣé òun náà lẹ ó fi pe Ẹlẹ́dàá? Ah non! Ní bodè Ìgòlò, ìjọba gbé douane síbẹ̀ kí ẹrù burúkú má baà wọlé. Ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run yìí, èmi, Séraphin Toyé, èmi ni douanier, èmi ni aṣọ́bodè! Ìyípadà lè máa rìn kiri nínú ọjà. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà yìí, kó mú ìwé ẹrù rẹ̀ wá. Kò sì ní ìwé! Mo gbẹ́sẹ̀ lé e!"

Àtẹ́wọ́ náà lé ẹyẹ kúrò lórí igi mángòrò.

Odile, tó ń ta gaàrí, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé ilé, dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ.

"Président, ẹ má bínú o. Gbogbo wa la mọ Ìgòlò. Mais nínú gbogbo wa tá a jókòó síbí, ta ló ń gba ọ̀dọ̀ douane kọjá? Ọ̀nà igbó là ń gbà, quoi."

Ẹ̀rín sọ. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí ojú Président, mo sọ ọ́ di ikọ́.

"Bon," ni Président wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Mo ní oògùn ọ̀nà igbó. Láti òní lọ, ẹni tó bá la ẹnu dáhùn Mísà ní Yorùbá, Ẹgbẹ́ Ikú Rere kò ní gbé òkú rẹ̀. A kò ní lu agogo fún un. A kò ní kọrin fún un. Kó fi Yorùbá rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dé sàréè!"

Ó na ìwé Mísà síwájú pé kí á wá búra. A sáré. Ẹ wo bí a ti ń ti ara wa, bí ẹni pé wọ́n ń pín ẹran. Ọwọ́ tèmi ló wà lókè pátápátá, nítorí mo fẹ́ kí Président rí òrùka mi.

Bẹ́ẹ̀ ni ogun bẹ̀rẹ̀. Mon Père á ní, "Olúwa wà pẹ̀lú yín." Àwa ọkùnrin ẹgbẹ́ á bú ramúramù pé, "Et cum spiritu tuo!" títí páánù òrùlé á fi gbọ̀n. Mon Père á rọra mí kanlẹ̀, á tún máa bá a lọ. Èṣùbíyìí ni wọ́n fi ṣe olùyẹ̀wò ẹnu. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa na etí sí ẹnu àwọn obìnrin láti orí ìjókòó kan dé èkejì, bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá iṣu ti hó. Àwọn obìnrin wá dọ́gbọ́n. Wọ́n ń dáhùn sínú ìborùn, wọ́n ń fi ikọ́ bo èyí tó bá jáde. Ikọ́ náà pọ̀ débi pé infirmier, nọ́ọ̀sì ìlú, wá béèrè lọ́wọ́ Mon Père bóyá ikọ́ ìfe ti wọ ìjọ.

Bí ó bá wá di ọjọ́ ìpàdé Révolution, Président yìí kan náà, nínú kóòtù yìí kan náà, á gun orí tábìlì láàárín ọjà, á ké pé "Ehuzu!" Á ní gbogbo ohun àtijọ́ ti di pàǹtírí, kí á gbá a dànù. Kò rí ohun tó ta kora nínú rẹ̀. Àwa náà kò rí i. Báwo la ṣe fẹ́ rí i, nígbà tó jẹ́ àwa náà là ń dáhùn méjèèjì?

Mo ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ, n kò tíì sọ̀rọ̀ ìyá. Ìyá tó bí Président ṣì wà láyé nígbà náà, Àṣàbí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Lagbé, láti ilé olórìṣà. Ọjọ́ ogbó ló ṣèrìbọmi, nítorí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n ní ìyá Président kì í ṣe Àgùdà. Wọ́n sọ ọ́ ní Philomène. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní àdúrà, ní Látìn, ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ fi èdè tí wọ́n fi ń ná gaàrí bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìyá gbé e mì bí ẹní gbé àgúnmu mì, kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìjókòó iwájú ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú chapelet rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, kì í dáhùn, kì í kọrin.

Láti ìgbà tí Mon Père dé, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn Mísà kan, ó fa Odile láṣọ.

"Odile, ṣé oúnjẹ la ti ń tọrọ nínú àdúrà Olúwa yẹn láti ọjọ́ yìí?"

"Oúnjẹ òòjọ́ ni, Ìyá."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi! Mo ṣe bí òjò ni wọ́n ń bẹ̀ fún. Nígbà tí òjò ò bá rọ̀, mo máa ń rò pé wọn ò kà á dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ó wá di Ọjọ́ Àìkú kan, òjò àárọ̀ ti fọ ìlú mọ́, ara tu gbogbo wa. Président ti wà nínú àṣàrò rẹ̀. Èṣùbíyìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn, ó ń yẹ ẹnu àwọn obìnrin Ko-Koumolou wò. Mon Père na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ gbé ọkàn yín sókè."

Kí àwa ọkùnrin tó mí láti bú Látìn, ohùn kan ti jáde níwájú, ohùn àgbà obìnrin, ó dún ketekete bí ẹni tó ń dá ẹni tó kí i lóhùn láti òdìkejì odò:

"A ti gbé e sókè sọ́dọ̀ Olúwa!"

Èṣùbíyìí fò sókè. Kò tilẹ̀ yíjú wo ibi tó ti wá. "Mo mú un! Président, mo mú un! Fàyàwọ́! Ẹrù fàyàwọ́ ti wọlé!"

Président ta jí, ìwé Mísà jábọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tíì là tán tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí. "A kò ní sin ín!" ni ó ké. "Ẹni yòówù kó jẹ́, mo ti gbẹ́sẹ̀ lé e! A kò ní gbé òkú rẹ̀! Kó fi Yorùbá rẹ̀ gbé ara rẹ̀ lọ!"

Àwa, bí ìṣe wa, ti ké "Amen!" kí á tó wo ẹni tó jẹ́.

Ìyá Àṣàbí fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó kéré lára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà n kò rí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Séraphin," ni ó wí, "ta lo ní o kò ní sin?"

Àwọn obìnrin gbàgbé ikọ́ wọn. Président la ẹnu, Látìn kò jáde.

"Maman..."

"Má pè mí ní Maman. Maman kọ́ ló bí ẹ. Èmi Àṣàbí ni mo bí ẹ, Nàgó ni mo sì fi rọbí ẹ. Ọlọ́run gbọ́ mi lọ́jọ́ náà." Ó kó chapelet rẹ̀ sínú ìborùn. "Ó dáa. Mò ń lọ sí Lagbé. Mo fẹ́ lọ wá ẹni tí yóò sin mí."

Ó jáde. Kò yára, kò sì sí ẹni tó dá a dúró. Odile ló sáré tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ mọ̀ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí ọmọ bá lówó tó òkun tí kò sin ìyá rẹ̀, kí ló kù? Kí ọjọ́ ọjà tó pé, gbogbo Ìfọ̀nyìn ti gbọ́ pé ìyá Président ń wá ẹni tí yóò sin òun kiri. Ìròyìn náà dé Ìgòlò, ó sọdá sí Nàìjíríà, kò san owó bodè kankan. Àìmẹ́nu, àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹlòmíràn ì bá gbéra lọ bẹ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Président pe ìpàdé. Inú rẹ̀ bà jẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí kò sì rí i, ṣùgbọ́n ìpàdé ni nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun ti ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ohun tí ìyá òun sọ lọ́jọ́ Àìkú, Látìn ni.

"Látìn ni," ni Èṣùbíyìí wí kíá. "Etí tèmi gan-an ló gbọ́ ọ. Látìn tó dá ṣáká."

"Látìn ni!" ni àwa náà wí.

Wọ́n rán Odile sí Lagbé pé kó sọ fún ìyá pé Látìn ló sọ, kó máa bọ̀ nílé. Odile lọ, ó bọ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá.

"Ìyá ní kí n kí gbogbo yín. Wọ́n ní Yorùbá làwọn sọ, àti pé tí wọ́n bá tún bi àwọn, àwọn á tún un sọ."

Ọjọ́ kejì èyí ni camarade ọ̀gá district wá sí ọjà wa fún ìpàdé ńlá. Président Séraphin, gẹ́gẹ́ bí délégué, ló gbọdọ̀ kí i káàbọ̀. Ó gun orí tábìlì pẹ̀lú kóòtù, ó gba mégaphone.

"Ehuzu!" ni ó ké.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Láti ìdí igbá gaàrí, ohùn obìnrin kan jáde, n kò ní sọ pé ta ni:

"Ta ni yóò sin ìyá yín?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Président rò pé bí òun bá ké sí i ó máa bò ó mọ́lẹ̀. "Mo ní Ehuzu!"

"Ta ni yóò sin ìyá yín!" ni ọjà dáhùn, àtàwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà, àtàwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn Ègùn tó wá ta ẹja pẹ̀lú ń dáhùn, ó dùn ún kọ lórin.

Ọ̀gá district béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn bíi mélòó kan ló ń ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yé e, ó yíjú sí ọkùnrin tó wà lórí tábìlì.

"Camarade, ìwọ tí o gbé douane dènà ìyípadà, ìwọ náà lo wá ń ké Ehuzu fún wa? Tí o ní o kò ní sin ìyá tó bí ẹ? Ẹ bá mi gba mégaphone yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. C'est fini, ó ti tán."

Ẹni tó gba mégaphone náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Èṣùbíyìí. Òun náà ló kọ́kọ́ ké "Dandan!"

Séraphin, mo lè pè é bẹ́ẹ̀ báyìí, gba Lagbé lọ ní ọ̀sán gangan. Kò sí agogo níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń nu òógùn fún un. Ó bá ìyá rẹ̀ níwájú ilé Ọ̀ṣuntóyè, àbúrò ìyá rẹ̀, olórìṣà paraku tí Président kò bá jẹun pọ̀ rí. Ìyá ń bó àgbàdo sínú igbá. Kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni Séraphin wí, "mo wá mú ìyá mi lọ ilé."

Ọ̀ṣuntóyè wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyá rẹ ti ní ilé. Tó bá sì kú, a ó sin ín. A mọ bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn níbí. Mais jẹ́ n bi ẹ. Òrìṣà tiwa ń gbọ́ Nàgó. Mo gbọ́ pé tiyín ló dá gbogbo ayé, àwa náà pẹ̀lú. Ta ló wá di í létí?"

Séraphin dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa pẹ̀lú kóòtù olówó iyebíye náà. Ó sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìpàdé o, ẹkún ọmọ ni.

"Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn sin yín. Ẹ ṣe mí bí ẹ ti fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn sin yín."

Ìgbà yìí ni Ìyá Àṣàbí gbé igbá kúrò lórí ẹsẹ̀. "Dìde," ni ó wí. "Wàá gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo àwọn tó ké Amen lé mi lórí. Ẹyọ kan péré. Ní èdè tí mo máa gbọ́."

Ní Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Àwọn Mùsùlùmí wà lójú fèrèsé, Ràmọ́nù ló ṣáájú wọn, ó ní òun wá wo bí pẹpẹ òun ṣe ń ṣe. Nígbà tó kan àdúrà Olúwa, Mon Père dákẹ́, ó wo Séraphin. Séraphin dìde lórí àga rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí àárín, ó kọjú sí ìyá rẹ̀. Ó la ẹnu.

Ó dúró bẹ́ẹ̀.

A rò pé ìgbéraga ló tún dé. Ó pẹ́ kí á tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ni. Ọkùnrin tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run fún wa láti ìgbà tí a ti gbọ́njú kò mọ àdúrà Olúwa ní èdè ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń yí kiri bí ti ọmọ tó sọnù lọ́jà. Kò sì sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín nínú àwa ẹgbẹ́, nítorí kálukú wa ń wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Ìyá fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Bọ́ kóòtù yẹn," ni ó wí wẹ́rẹ́, "ooru ń mú ẹ."

Ó bọ́ ọ. Ìyá gbà á, ó fi kọ́ apá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní orúkọ nǹkan.

"Baba wa."

"Baba wa," ni Séraphin wí.

"Tí ń bẹ ní ọ̀run."

"Tí ń bẹ ní ọ̀run."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi oúnjẹ òòjọ́, ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi pé kí Ọlọ́run dárí jì wá bí àwa náà ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá, Séraphin sọ ọ́ sínú ẹnu.

"Tún un sọ. Mi ò gbọ́."

Ó tún un sọ. Ó jáde kékeré.

"Mo gbọ́ báyìí," ni ìyá wí, ó sì fi etí ìborùn rẹ̀ nu òógùn ojú ọmọ rẹ̀.

Gbogbo wa ké "Àmín," a kò mọ ìgbà tí a ké e. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a mọ ohun tí a ń ṣe Àmín sí.

Kò ṣe président kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lórí pèpéle, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí Ìyá Àṣàbí kú ní ọdún díẹ̀ sí i, Ẹgbẹ́ Ikú Rere gbé e gba àárín ọjà kọjá, àwọn ará Lagbé tẹ̀lé wa pẹ̀lú agogo tiwọn, Séraphin ló ń dá orin, Yorùbá ni. Àwọn obìnrin ọjà dìde fún un. Òun ló sin ìyá rẹ̀, gbogbo ayé sì rí i.

Ìgbìmọ̀ ìjọ gbọdọ̀ ní président ṣá. Wọ́n yan ẹnìkan. Ìtìjú kò jẹ́ kí n dárúkọ ẹni náà, ṣùgbọ́n òrùka rẹ̀ dára. Ó ra kóòtù.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí Révolution fúnra rẹ̀ ti ń rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà, àwọn ọ̀dọ́ gbé guitare wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Président tuntun náà gun orí àga nínú àgbàlá. Ó wúkọ́, wọ́n kan sáárá sí i.

"Ẹ̀yin olóòótọ́!" ni mo ké. "Mísà Yorùbá tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí Ọlọ́run ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tó ti dá Ádámù, ṣé ẹ wá fẹ́ fi guitare..."

Láti ẹ̀yìn pátápátá, nídìí igi mángòrò, ohùn arúgbó kan jáde. Kò pariwo.

"Président, ẹ bọ́ kóòtù yẹn. Ooru ń mú yín."